Ẹ Bi Màmá: Ìrẹsì Tó Dìjà Ní Ìkẹ́rẹ́

Ẹ̀bi mi ni. Lóṣù tó kọjá ni mo fẹnu ba ọ̀rọ̀ kan níbí pé nígbà tí ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Pune, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, obìnrin tó ń wá kó ìdọ̀tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ ọ̀gá kankan. Òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ni ẹgbẹ́ tó ń kó o. Gbólóhùn kan péré. Lẹ́tà tó tẹ̀lé e bo tábìlì mi mọ́lẹ̀. Mo mú mẹ́rin níbẹ̀. Màá pẹ́ lórí ti àkọ́kọ́, torí ohun tó béèrè jinlẹ̀. Àwọn yòókù, màá tètè ṣe wọ́n, orúnkún mi kò fẹ́ kí n jókòó pẹ́ mọ́.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ obìnrin ni wá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkẹ́rẹ́, a jẹ́ méjìdínlógójì. Ní Kérésìmesì tó kọjá, a dá owó, a ra àpò ìrẹsì mẹ́fà, pé ká pín in fún àwọn opó àtàwọn aláàárù ọjà. Ọgọ́ta èèyàn la fojú bù, àwọn tó wá lé ní igba. Wọ́n fa àpò ya, wọ́n ti ìyá arúgbó kan ṣubú, àwọn tí kò rí gbà sì ń bú wa títí dòní. Báwo làwọn obìnrin Íńdíà tí ẹ sọ yẹn ṣe ń ṣe é tí kì í dìjà? Àbí owó wọn pọ̀ ju tiwa lọ ni? — Ìyá Ìbejì, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì*

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi kí ìyá tó ṣubú. (Ọmọ Èkìtì bíi tiyín ni mí, ẹ sì mọ̀ pé nílé wa a kì í pe ẹnì kan ṣoṣo ní "ẹ̀yin," ì báà jẹ́ bàbá arúgbó. Ṣùgbọ́n olóòtú ti kìlọ̀ fún mi pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ń ka ìwé ìròyìn yìí, wọ́n á ní n kò lẹ́kọ̀ọ́.)

Kí n tó bá yín wí, ẹ jẹ́ kí n bá ara mi wí. Nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àwa òṣìṣẹ́ mélòó kan dá owó, a kó aṣọ àti ìrẹsì Ìgbẹmọ lọ fún àwọn obìnrin aláàárù ní Ọjà Ọba, ní Adó. A mú ayàwòrán dání. Obìnrin kan fi ìborùn bojú, mo ní kó ṣí i, kí àwòrán lè dára. Ó ṣí i. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn náà kí n tó tún pàdé rẹ̀, iṣu wà lórí rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, àwòrán yẹn dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi ní Àkúrẹ́. Ìsọ̀ ni mo sọ fún un pé mo ní." Kò bú mi, ó kàn gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mo ń rò ó: n kò mọ iye tó ń pa lóòjọ́, n kò mọ ibi tó ń sùn, n kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Kóńgò ìrẹsì méjì tí mo fún un nìkan ni mo mọ̀.

Ẹ̀ ń béèrè bóyá owó wọn pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ti Pune dúró ná, ẹgbẹ́ obìnrin Íńdíà mìíràn ni màá fi dá yín lóhùn. Aláàárù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ní Ahmedabad, ìlú tí wọ́n ti ń hun aṣọ ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, àwọn obìnrin kan wà tó ń fi orí ru ìdì aṣọ láti ìsọ̀ kan dé ìkejì, àwọn mìíràn ń fa ọmọlanke. Agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Ela Bhatt, tó ń bá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ṣiṣẹ́, jókòó tì wọ́n, ó gbọ́ bí àwọn oníṣòwò ṣe ń rẹ́ wọn jẹ. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Àwọn oníṣòwò náà bínú, àwọn náà kọ tiwọn, wọ́n ní irọ́ ni, iye báyìí báyìí làwọn ń san. Ẹ wá wo ọgbọ́n àwọn obìnrin yìí: wọ́n tẹ iye tí àwọn oníṣòwò fẹnu ara wọn sọ yẹn sórí káàdì, wọ́n pín in fún gbogbo aláàárù. Bí ẹ bá ru ẹrù tán tí wọ́n fẹ́ yọ owó yín, ẹ na káàdì sí wọn. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn débi pé mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wọ ilé mi.

Ní 1972 ni wọ́n di ẹgbẹ́, SEWA ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ara wọn. Ìjọba kọ́kọ́ kọ̀ láti forúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ta ni ọ̀gá yín? Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá tí yóò máa bá jà. Wọ́n fèsì pé àwọn kò pé jọ torí kí àwọn bá ẹnikẹ́ni jà. Torí kí àwọn lè wà pọ̀ ni. Wọ́n jà á títí wọ́n fi forúkọ náà sílẹ̀. Ìṣòro tó tún kù ni owó èlé: ẹlẹ́fọ̀ọ́ á yá owó láàárọ̀, á dá a padà lálẹ́ pẹ̀lú èlé, á sì tún yá a lọ́jọ́ kejì. Báńkì kò fẹ́ rí wọn sójú. Ni àwọn náà bá ní àwọn yóò dá ti ara àwọn sílẹ̀. Ní 1974, 4,000 obìnrin mú rúpìì 10, owó Íńdíà, wá lẹ́nìkọ̀ọ̀kan. Ó ku kí àwọn aṣáájú fọwọ́ sí ìwé, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn. Òru ọjọ́ kan ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn oníbàárà tí kò lè kọ̀wé ńkọ́? Wọ́n ya àwòrán obìnrin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú síléètì lọ́wọ́, nọ́ńbà ìwé owó rẹ̀ lára síléètì náà. Àwòrán tèmi tú obìnrin kan fó. Àwòrán tiwọn ni kọ́kọ́rọ́ àpótí owó. Mo sì gbọ́ pé báńkì náà ní àwọn tó ń yípo láti ilé dé ilé àti láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tí wọ́n ń gba owó ìfipamọ́.

Alájọ! Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀ tí ìyá tó bí ìyá mi kò mọ̀? Àjọ, èésú, ààrò, gbogbo rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ wa. A kàn kì í rántí wọn nígbà tí a bá fẹ́ ṣàánú. Bí a bá fẹ́ ṣàánú, ìrẹsì la máa ń rántí.

Ní Mumbai, àwọn obìnrin tó ń gbé lẹ́bàá títì ní àdúgbò Byculla dá tiwọn sílẹ̀ ní 1986, Mahila Milan. Ilé wọn kò ju páálí àti tapólì lọ, lórí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà kọjá. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀wé, nítorí náà àpò ọ̀rá kékeré ni ìwé owó wọn: iye kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá fi owó pamọ́ lónìí á rí ègé ìwé aláwọ̀ yẹn nínú àpò rẹ̀. Kò sí akọ̀wé tó lè yí i. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni ìjọba fẹ́ wó àgọ́ ẹ̀bá títì. Kò sẹ́ni tó mọ iye wọn tàbí ibi tí wọ́n ti wá, gbogbo ìlú sì ń pè wọ́n ní ọ̀lẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. SPARC, ẹgbẹ́ kan tó ń bá wọn rìn, kà wọ́n lágọ̀ọ́ lágọ̀ọ́, àwọn tí wọ́n ń kà náà sì lọ́wọ́ sí i. Ó hàn gbangba pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n, pé àwọn mìíràn ti wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n bá wá jókòó níwájú ìjọba, ìwé wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin fojú bu ọgọ́ta, igba dé. Ibẹ̀ ni ìjà yín ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu àpò ìrẹsì.

Ohun tí mo ní kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ yan ẹni mẹ́ta nínú yín tí ẹsẹ̀ wọn le, tí ẹnu wọn kò le. Ìyàwó pásítọ̀ kọ́, àwọn aláàárù á máa kúnlẹ̀ fún un. Ẹ lọ sí ọjà ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá, nígbà tí ẹrù àárọ̀ bá ti rọlẹ̀ tí wọ́n ń jẹun. Ẹ ra ẹ̀wà, ẹ bá wọn jókòó. Ẹ má yọ ìwé jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tó bá di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ẹ béèrè ohun tó ń jẹ owó wọn. Ó lè jẹ́ èlé. Ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn. Ó lè jẹ́ ọmọ tí wọn kò rí ẹni gbé tì. Ẹ jẹ́ kí àwọn náà ka ara wọn, torí àwọn ló mọ ẹni tó jẹ́ aláàárù lóòótọ́ àti ẹni tó kàn gbé òṣùká wá ní Kérésìmesì. Àwọn opó, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Opó kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Nínú igba tó wá sọ́dọ̀ yín, mo fi orúnkún mi búra, opó tó ní ilé alágbèékà wà níbẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ dá àjọ, ẹ má gba owó wọn pa mọ́ fún wọn. Ẹ ra àpótí kan tó ní àgádágodo mẹ́ta, kí aláàárù mẹ́ta mú kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo rí ẹgbẹ́ tí akápò wọn sá lọ pẹ̀lú owó tọ̀sán-tòru, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹ sì má fi owó yíyá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ gbọ́múlélàńtà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà obìnrin títí ilẹ̀ á fi ṣú. Íńdíà pàápàá jẹ ẹ̀kọ́ yẹn pẹ̀lú omijé: ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh, àwọn ilé ayánilówó ti yá àwọn tálákà lówó léra-léra, wọ́n ń dójú tì wọ́n níwájú aládùúgbò, àwọn kan para wọn, ìjọba ibẹ̀ sì yára ṣe òfin lé wọn lórí. Ìfipamọ́ ni kó ṣáájú.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ pín nǹkan ní Kérésìmesì, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbà, ẹ wo Goonj ní Delhi. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Anshu Gupta ló dá a sílẹ̀ ní 1999, aṣọ 67 ló kó jáde nínú ilé tirẹ̀. Ohun tó gún un ní kẹ́ṣẹ́ ni pé ó pàdé ẹni tó ń kó òkú aláìlẹ́ni ní Delhi, ẹni yẹn sì sọ fún un pé iṣẹ́ òun máa ń pọ̀ nígbà òtútù. Ọyẹ́ tiwa ni, ṣùgbọ́n ó le jù ú lọ. Bí Goonj bá kó aṣọ dé abúlé kan, wọn kì í tò wọ́n sórí ìlà. Àwọn ará abúlé á yan iṣẹ́ tí àwọn fúnra wọn fẹ́: kànga, afárá, títún ọ̀nà ṣe. Wọ́n á ṣe é, aṣọ á sì jẹ́ èrè iṣẹ́ wọn. Ọ̀wẹ̀ ni, ẹ kàn se oúnjẹ rẹ̀ ní aṣọ. Ẹni tó gba aṣọ bẹ́ẹ̀ kò ní nílò láti fi ìborùn bojú.

*Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Ajílosùn ní Adó ni mo ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí. Mo fẹ́ máa ra ike lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣà á, kí n máa kó o lọ tà ní Ìbàdàn. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n pè é ní iṣẹ́ àánú, pé ó dùn ún gbọ́. Èmi rò pé òwò ni. Èwo ni kí n pè é? — Alákòóko Ike*

Òwò ni. Má tijú.

Ní 1959, àwọn obìnrin méje kan ní Girgaum, ní Mumbai, yá rúpìì 80, wọ́n gun orí òrùlé ilé wọn, wọ́n ṣe páápádì, ìpanu pẹlẹbẹ oníyẹ̀fun ẹ̀wà tí wọ́n ń sá sóòrùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, páálí mẹ́rin ni wọ́n rí ṣe. Ìpinnu wọn ni pé bí ó ti wù kí ó le tó, àwọn kò ní gba ọrẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lijjat ni wọ́n ń pè é lónìí, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sì ti lé ní 40,000. Láàárọ̀, wọ́n á lọ gba ìyẹ̀fun tí wọ́n ti pò, wọ́n á gbé e lọ sílé, wọ́n á yí i pẹlẹbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ wọn, wọ́n á dá a padà, wọ́n á gbowó. Èrè jẹ́ ti gbogbo wọn, àdánù náà sì jẹ́ ti gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó pè é ní iṣẹ́ àánú, ó sì ti bọ́ ọmọ ju ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àánú lọ.

Ọ̀rọ̀ ike tìrẹ gan-an, Pune ni kí o wò. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ìwé, ìgò àti irin lórí ààtàn kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ ní 1993. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bèèrè ni káàdì ìdánimọ̀, kí ọlọ́pàá yéé pè wọ́n ní olè. Káàdì náà dé, ìjọba ìlú sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá SWaCH sílẹ̀, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó bá ìjọba ìlú tọwọ́ bọ̀wé láti máa kó ìdọ̀tí láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn onílé ń san owó oṣooṣù fún wọn tààrà, ohun tó ṣeé tà nínú ìdọ̀tí sì di tiwọn. Ọmọ mi ní ìyá onílé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ lé òun jáde torí òun da awọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́ ìwé. Tútù lọ́tọ̀, gbígbẹ lọ́tọ̀! Ohun ìkọ̀kọ̀ obìnrin, o gbọ́dọ̀ dì í sínú àpò ìwé ìròyìn tí àwọn obìnrin náà fúnra wọn ń lẹ̀, kí ọwọ́ wọn má bàa kan ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Kò rọrùn fún wọn o. Nígbàkúgbà tí àdéhùn bá tó ó tún ṣe, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ní ọkọ̀ akólẹ̀ máa ń yọjú pé kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún àwọn.

Ohun tí àwọn aṣàtàn ń kùn sí jù níbi gbogbo ni òṣùwọ̀n. Ra tìrẹ tuntun, gbé e síbi tí ojú wọn á ti tó nọ́ńbà rẹ̀, kí o sì gba ẹni tó bá fẹ́ láàyè láti gbé òkúta kìlógíráàmù kan tirẹ̀ wá dán an wò. Bí o bá ṣe ìyẹn fún ọdún kan, wọ́n á máa rìn láti Baṣírí wá bá ọ.

*Màmá, bàbá mi ní Ọmúò kò ríran mọ́, nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Ẹnì kan ní ká kó owó jọ kí òun mú un lọ sí Íńdíà, pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Ọmọ Bàbá*

Òótọ́ àti irọ́ ló dà pọ̀. Ilé ìwòsàn ojú kan wà ní Madurai, ní gúúsù Íńdíà, Aravind. Dókítà Venkataswamy ló dá a sílẹ̀ ní 1976 nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní ẹni ọdún 58. Bẹ́ẹ̀dì 11 ló ní. Àìsàn oríkèé-ríkèé ti ká a lọ́wọ́ kò, síbẹ̀ ó fi ọwọ́ yẹn kọ́ iṣẹ́ abẹ ojú. Ẹni tó bá lówó ń san, èyí tó bá ṣẹ́kù lára owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ti ẹni tí kò ní. Dígí kékeré tí wọ́n ń fi sínú ojú gan-an, nígbà tí wọ́n rí i pé ti òkèèrè wọ́n jù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tiwọn ní 1992, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ gidigidi.

Ṣùgbọ́n àwọn tálákà àgbègbè wọn ni ọ̀fẹ́ yẹn wà fún. Ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe ọ̀fẹ́, ẹni tó fẹ́ gba owó yín kò sì sọ iye tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gbé bàbá lọ sí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Adó, kí oníṣègùn ojú wò ó. Bí ó bá jẹ́ nǹkan funfun yẹn nìkan, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ kò pẹ́, wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà níbí. Àìsàn ojú mìíràn wà tó ń pa iṣan ojú láti inú, èyí tó bá ti bàjẹ́ níbẹ̀ kì í padà, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi ewé sí i lójú.

*Ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo fẹ́ dá NGO sílẹ̀ bíi ti Íńdíà. Ẹ jọ̀ọ́, iye wo làwọn òyìnbó máa ń fúnni, báwo ni mo ṣe lè rí i gbà kíákíá? — Ọ̀gá Àgbà Lọ́la, Ìkọ̀lé-Èkìtì*

Ní Íńdíà tí o dárúkọ, òfin 2013 ló ní kí ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń jèrè máa ná ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ sórí ire ará ìlú. Owó ilé ni ìyẹn. Owó òkèèrè, wọ́n ti fún un lọ́rùn: òfin tí wọ́n ṣe ní 2020 ní ẹ̀ka báńkì kan ṣoṣo ní New Delhi ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà wọlé, kí ìjọba lè rí i. Àwọn tó gbójú lé e nìkan rí wàhálà.

Lẹ́tà rẹ kún ojú ewé méjì. Ọkọ̀ jíìpù fara hàn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ́fíìsì ní Àbújá lẹ́ẹ̀kan. Mo wá ẹni tí o fẹ́ ràn lọ́wọ́ títí, n kò rí i. Bí o bá ti rí orúkọ èèyàn mẹ́wàá ní Ìkọ̀lé tí o ti bá jẹun, tún lẹ́tà míì kọ sí mi.